Aáyán Tí Kò Gbóògùn Mọ́

Òórùn ni mo fi ń rántí Sángo nígbà náà. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá títì Ìdíròkò láàárọ̀, tó o yà sí àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́, irin tí wọ́n ń yọ́ ni imú rẹ máa kọ́kọ́ pàdé, lẹ́yìn náà ọṣẹ, lẹ́yìn náà bísíkíìtì tí wọ́n ń yan, kó tó wá kan tiwa. Tiwa le. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n da lọ́fínńdà olówó pọ́ọ́kú sínú kẹrosíìnì, ó sì máa ń wọ aṣọ lára débi pé tí mo bá wọ mọ́tò lọ sílé nírọ̀lẹ́, ẹni tó jókòó tì mí á rọra ṣí fèrèsé láìsọ̀rọ̀. Oògùn apakòkòrò là ń ṣe níbẹ̀, irú èyí tó wà nínú agolo, téèyàn á tẹ orí ẹ̀ kó tó tú jáde. Èmi sì ni mò ń tọ́jú aáyán.

Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà Sáàpù, tí náírà ń wó lulẹ̀ lójoojúmọ́, tí ìjọba ológun ń sọ fún wa pé ara máa tù wá láìpẹ́. Mo ti kàwé jáde ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo kà, àwọn tá a jọ jáde sì ń jókòó sílé bàbá wọn. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá máa sin aáyán, mo dúpẹ́. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn yàrá àyẹ̀wò, ó máa ń gbóná bí ilé ìdáná, inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n ń gbé níbẹ̀. A máa ń fi ìpara ra etí àpótí náà kí wọ́n má lè gun un jáde. Èérún bísíkíìtì ni oúnjẹ wọn, òwú tí a rẹ sómi ni wọ́n sì ń mu. Oògùn yòówù tí wọ́n bá ṣe tán, èmi ni màá bu díẹ̀ nínú àwọn aáyán náà sínú ìgò, màá fọ́n ọn sí wọn lára, màá sì dúró. Tí gbogbo wọn bá ti dojú ikùn sókè, mo fọwọ́ sí i, ọjà á sì jáde. Ìyá Aáyán làwọn òṣìṣẹ́ ń pè mí, mo sì ń dáhùn.

Ohun kan wà nípa àwọn aáyán wọ̀nyẹn tó yẹ kí n sọ, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àwọn òyìnbó tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló kó àwọn ìyá ńlá aáyán yẹn wá. Látìgbà náà, ìran wọn kò jáde síta rí, wọn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ oògùn àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa kú. Ọmọ olówó tí kò fọ abọ́ rí ni wọ́n. Èyí tó ń rìn kiri nínú ilé àwa mẹ̀kúnnù, ìyẹn ti jẹ ìyà, ó ti rí oògùn oríṣiríṣi.

Máníjà wa jẹ́ ẹnjiníà, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun pẹ̀lú táì nínú ooru yẹn, tí gẹ̀ẹ́sì òkè òkun sì ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́rú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó máa ń kó wa jọ sínú kántíìnì fún àdúrà. Kò fipá mú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ẹni tí kò wá. Àdúrà náà kì í gùn. Ìwàásù ló máa ń gùn. Á mú orí agolo wa kan jáde nínú àpò rẹ̀, á tú fáàfù ẹ̀ palẹ̀ síwájú wa: sípíríǹgì kékeré, rọ́bà rébété, ọ̀pá tín-ín-rín.

“Ẹ yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀, ṣé ó máa ṣiṣẹ́?”

A ó ní rárá.

“Ṣé ó kàn ṣàdédé to ara ẹ̀ ni?”

A ó tún ní rárá.

“Tó bá jẹ́ pé agolo lásán-làsàn nílò ẹni tó ronú kó tó ṣe é, kí la wá fẹ́ sọ nípa aáyán tó ń ríran, tó ń sáré, tó ń gbóòórùn oúnjẹ nínú òkùnkùn? Àwọn kan wà ní yunifásítì tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀dá ń yí padà fúnra ẹ̀. Ẹfolúṣọ̀n! Wọ́n ní ọ̀bọ ló di èèyàn! Bí Ọlọ́run ṣe dá aáyán ló wà, bẹ́ẹ̀ ló sì máa wà.”

A ó ní àmín. Òun á wá wo ọ̀dọ̀ mi, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mi ò ní fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ọ̀mùtí ti bá mi jiyàn tó lórí tó nídìí ju èyí lọ. Kì í sì í ṣe torí pé ó ní Ọlọ́run ló dá wa. Ìyá mi gbà bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì dòní. Ohun tó ń rí mi lára ni ìgbéraga inú ẹ̀. Ọkùnrin tí kò fọwọ́ kan aáyán rí àfi pẹ̀lú bàtà, òun ló wá mọ ohun tí Ọlọ́run lè fi aáyán ṣe àti èyí tí kò lè fi í ṣe. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, ẹnu ń yún mi.

“Ọ̀gá, agolo kì í yé ẹyin,” mo ní.

Ó gbé fáàfù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Agolo kì í bímọ, sà. Tó bá ń bímọ ni, tí ara ọmọ kan le ju ti ìkejì lọ, à bá máa rí agolo tí ẹnikẹ́ni ò yà ní àwòrán.”

Ẹ̀rín bú jáde láti ẹ̀yìn. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín ẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé kò ní gbàgbé.

Kò pẹ́ sígbà náà làwọn tó ń ta ọjà wa bẹ̀rẹ̀ sí í dá páálí padà. Láti Ojú Ọrẹ, láti inú Ọ̀tà, láti ọ̀nà Àtàn, ohùn kan náà ni: oògùn yín ò pa nǹkan mọ́. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìyànà Ìyesí gbé tiẹ̀ wá sí géètì fúnra ẹ̀, ó sì pariwo débi pé gbogbo ilé-iṣẹ́ gbọ́. “Aáyán ilé mi ń fi oògùn yín wẹ̀ ni o! Wọ́n á wẹ̀ tán, wọ́n á tún jókòó gbatẹ́gùn!”

Àwa òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, máníjà kò rín. Òkè òkun ni ojúlówó oògùn tó ń pa kòkòrò náà ti ń wá, inú dírọ́ọ̀mù, láti ìgbà tí náírà sì ti wó, ó ti wọ́n bíi góòlù. Nítorí náà, kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹnìkan ń jí i, ó sì ń fi kẹrosíìnì dí àlàfo rẹ̀.

Ọwọ́ Bàbá Apòògùn ni kọ́kọ́rọ́ ibi tí dírọ́ọ̀mù wà. Bẹ́ẹ̀ là ń pè é, torí òun ló ń po oògùn náà. Ará Ìwó ni, Mùsùlùmí, àgbàlagbà tó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti ṣílẹ̀kùn. Oògùn ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, ó sì máa ń wúkọ́ nígbà ọyẹ́. Tí n bá ti ń kọjá, á ní, “Ìyá Aáyán, àwọn ọmọ ńkọ́?” Màá ní, “Wọ́n ń kí yín, Bàbá. Wọ́n ní ẹ má tíì wá.” Ìdárayá wa nìyẹn. Òun ni máníjà ní kó lọ jókòó sílé títí di Ọjọ́rú, kó wá dáhùn níwájú gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ọwọ́ òfo ló máa fi lọ, orúkọ olè á sì tẹ̀ lé òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ jáde ní géètì yẹn.

Mo mú agolo kan nínú èyí tí obìnrin Ìyànà Ìyesí dá padà, mo fọ́n ọn sí àwọn aáyán mi níbi iṣẹ́. Gbogbo wọn kú fínfín. Oògùn náà pé, kò sí ẹni tó jí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wá gbé agolo yẹn kan náà lọ sílé. Yàrá kan ni mo gbà ní Ojú Ọrẹ nígbà náà. Mo gbé ìkòkò kúrò nílẹ̀, aáyán kan wà lẹ́yìn ẹ̀, mo sì tẹ agolo lé e lórí títí ara ẹ̀ fi rin. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀. Ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ nu ojú, ó sì rọra wọ inú ihò ògiri lọ bí ẹni tó ń ti ìsìn bọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ó yé mi. Ohun tí mo ti kà nínú ìwé, tí mo kọ sínú ìdánwò láìrí i rí, òun ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìkòkò mi. Látìgbà táwọn èèyàn ti ń fọ́n oògùn yìí nínú ilé wọn, àwọn aáyán tí ara wọn ò gbà á ti kú. Àwọn díẹ̀ tí ohun kan wà lára wọn tó lè fara da á kò kú, àwọn yẹn ló ṣẹ́kù láti gun ara wọn, àwọn ọmọ wọn sì fìwà jọ wọ́n. Ọdún ń gorí ọdún, ó wá di pé àwọn alágídí nìkan ló kún ilé. Kò sí ọ̀bọ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá lójú, kó wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Mo lọ bá Bàbá Apòògùn nílé. Ó jókòó sórí ẹní, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, ó sì gbọ́ mi tán.

“Ọmọ mi, o ṣeun,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ṣé èyí kọ́ ni ti ọ̀bọ tí máníjà máa ń bú yẹn?”

“Bàbá, ẹ fọ̀bọ sílẹ̀. Aáyán ni mò ń sọ.”

“Má fi ìyẹn gbèjà mi o. Èmi á búra. Àlùkùránì wà nílẹ̀.”

“Wọn ò ní gba ìbúra yín, Bàbá.”

“Ọlọ́run á gbà á.”

Inú bí mi sí òun náà. Mo padà sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú aáyán sínú ìgò.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú náà, mẹ́gáàdì dá mi dúró ní géètì. Ó gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ó wò ó.

“Aunty, wetin be this?”

“Na cockroach.”

“From outside? You dey carry cockroach enter company wey dey kill cockroach?” Ó dá a padà fún mi, ó ń mi orí. “This SAP don touch everybody.”

Nínú kántíìnì, mo gbé ìgò méjì kalẹ̀ síwájú gbogbo wọn, aáyán ilé-iṣẹ́ nínú ọ̀kan, aáyán ilé mi nínú ìkejì. Mo fi agolo kan ṣoṣo fọ́n oògùn sínú méjèèjì. Mo ní kí máníjà fúnra ẹ̀ mú agolo náà láti inú páálí tí wọ́n dá padà, kó má baà ní mo ti ṣe nǹkan sí i. Kò pẹ́ rárá, àwọn ti ilé-iṣẹ́ dojú ikùn sókè, wọ́n ń ta ẹsẹ̀ sí òfuurufú, wọ́n kú. Àwọn ti ilé ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n ṣubú lu ara wọn, wọ́n sì dìde. “Háà!” ni gbogbo ilé. Máníjà sún mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ba, táì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì, ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n tún un ṣe pẹ̀lú agolo mìíràn. Mo tún un ṣe. Bákan náà ló rí.

“Ọ̀gá, oògùn pé,” mo ní. “Aáyán ló ti yàtọ̀. Bàbá ò jí nǹkan kan.”

Mò ń wo ojú ẹ̀ nígbà yẹn, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni tàn mí lórí ohun tí mo rí níbẹ̀. Ó yé e. Ẹnjiníà ni, kò gọ̀. Ó rí i kedere bí mo ṣe rí i, ó sì tún rí ohun tó tẹ̀ lé e: pé òun ti pe àgbàlagbà kan lólè lásán, àti pé ọmọbìnrin tó ń sin aáyán ló fi hàn bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó nàró, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì yíjú sí ibòmíràn.

“Bàbá, ẹ dìde.”

Bàbá Apòògùn dìde.

“Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà gbà pé Ọlọ́run ló dá gbogbo nǹkan, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ṣé ó dá a pé ni, àbí ó kù síbì kan?”

“Ó dá a pé, sà.”

“Good. Ohun tí arábìnrin yìí ń sọ ni pé aáyán ń sọ ara ẹ̀ di nǹkan mìíràn, bí wọ́n ṣe ń sọ pé ọ̀bọ sọ ara ẹ̀ di èèyàn. Simple question, Bàbá. Ṣé ẹ gbà á?”

“Bàbá, ẹ má dá a lóhùn,” mo pariwo. “Kì í ṣe ohun tí mo sọ nìyẹn!”

Bàbá wò mí, ojú rẹ̀ pupa yẹn ń wá ojú mi bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Ó wo ilẹ̀. Níwájú àwọn onígbàgbọ́ wọ̀nyẹn, kí lo fẹ́ kí òun Mùsùlùmí kan ṣoṣo tó dúró níbẹ̀ sọ?

“Mi ò gbà á, sà. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.”

Máníjà tẹ́wọ́ sí gbogbo wa. “Ẹ gbọ́ o. Òun fúnra ẹ̀ lóun ò gbà. Aáyán ò yí padà. Tí aáyán ò bá yí padà, a jẹ́ pé oògùn ló dín. Ta ló wá dín in?”

Kò sẹ́ni tó fèsì. Inú ìgò, àwọn aáyán ilé ṣì ń fi ẹsẹ̀ ha gíláàsì. Ìgbà Sáàpù ni, ìyàwó àtọmọ wà nílé oníkálukú, iṣẹ́ ò sì sí níta. Wọ́n ní kí Bàbá kó ẹrù rẹ̀, ó sì kó o. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀ sórí tábìlì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ máníjà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ. Mo ti rí òpùrọ́ láyé mi, mo ti rí olè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó mú ìgbàgbọ́ tó wà lọ́kàn èèyàn tó fi so okùn mọ́ ọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ó pe ìyẹn ní gbígbèjà Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ló ní ká kọrin, a sì kọ ọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, orílé-iṣẹ́ rán òyìnbó kan wá láti wo ìdí tí ọjà kò fi tà. Ó jókòó sínú ọ́fíìsì máníjà, èmi ni mo gbé ìgò lọ bá wọn. Òyìnbó náà wo aáyán, ó mu tíì, ó ní ó hàn gbangba pé aáyán ìlú yìí ti ju oògùn náà lọ, pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀pọ̀ ibi, pé kí wọ́n pààrọ̀ oògùn. Kò gbóhùn sókè, kò sì dárúkọ ọ̀bọ. Ẹ wá wo máníjà wa! Ó ń mi orí, ó ń ní “exactly, exactly,” bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí agolo tuntun jáde, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà pé ó ń pa aáyán tí oògùn àtijọ́ ò rí pa mọ́. Máníjà ló sọ ohun tí wọ́n máa kọ. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó tún mú fáàfù jáde nínú àpò, ó sì ní bí Ọlọ́run ṣe dá aáyán ló wà.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. “Ọ̀gá, Bàbá Apòògùn ńkọ́?”

“Arábìnrin, ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá. Ọlọ́run á pèsè fún un.”

“Ọlọ́run kọ́ ló lé e, sà.”

Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn tí mo bá ń jáde. Mo ti ilẹ̀kùn náà débi pé ògiri mì. Kò pẹ́ tí mo fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì, mo sì ń kọ́ wọn ní ti aáyán yìí láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo lọ ra gààrí ní Àtàn, tí mo sì rí bàbá arúgbó kan lórí àpótí láàárín àwọn obìnrin, tó ń bó ẹ̀gẹ́. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀. “Ìyá Aáyán!” Mo kúnlẹ̀, a kí ara wa, a rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń dáko níbẹ̀ tipẹ́. Ó ní ohun tó lé òun kúrò ní Sángo ni pé táwọn ọmọ òun bá bá ọmọ aládùúgbò jà, ọmọ olè ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán, ó mú òmíràn, kò gbójú sókè.

“Ṣé wọ́n padà mọ̀ pé èmi kọ́?”

“Bàbá, wọ́n ti mọ̀ látọjọ́ yẹn gan-an. Máníjà rí i nínú ìgò. Nígbà tó yá, wọ́n tún kọ ọ́ sára agolo.”

Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gẹ́ náà.

“Wọ́n mọ̀,” ó ní, “wọn ò sì rán ẹnikẹ́ni wá bá mi.”

Títí dòní, tí mo bá gbọ́ táwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí rédíò bóyá ẹ̀dá ń yí padà, tí ọ̀kan ń sọ pé ojú ṣòro tò pọ̀ ju kó ṣàdédé wà lọ, tí èkejì ń sọ ti egungun ẹranko àtijọ́ inú ilẹ̀, mo mọ ẹni tí òótọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, n kì í sì í fi bò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aláìmọ̀kan ni mò ń kórìíra. Aláìmọ̀kan ṣì lè kọ́. Ẹni tó ti rí ìdáhùn nínú ìgò, tó wá sá sẹ́yìn Ọlọ́run kó má baà sọ pé “mo ṣàṣìṣe, ẹ forí jì mí,” òun ni mò ń fojú ẹ̀gbin wò. Ọlọ́run kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá gbèjà òun ní kántíìnì Sángo. Ẹni tó nílò agbèjà ń bó ẹ̀gẹ́ ní Àtàn.